Ìyá Ìkókó Tí Kò Pariwo

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ò lò mọ́: abísínwín. Ẹ tú u wò, kò le. Ẹni tó bímọ, tó sì sínwín. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti rí i dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wèrè ló jọra. Wọ́n ní wèrè àmútọ̀runwá, wọ́n ní wèrè ìran, wọ́n ní wèrè àfiṣe, wọ́n wá ya èyí tó ń tẹ̀ lé ìkúnlẹ̀ abiyamọ sọ́tọ̀, wọ́n fún un lórúkọ tirẹ̀. Nígbà tí Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, jókòó ti àwọn babaláwo àti oníṣègùn wa láti kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀, irú ìpínsísọ̀rí báyìí ló bá lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1964 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Kò sì sẹ́ni tó kọ́ àwọn àgbà yẹn ní yunifásítì kankan.

Abísínwín máa ń pariwo. Obìnrin tó bímọ ní bí ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ò sùn mọ́, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ní ọmọ tí wọ́n gbé fún òun kì í ṣe tòun. Gbogbo agboolé á mọ̀, wọ́n á sáré kiri. Àwọn dókítà òde òní náà mọ àìsàn yìí, wọ́n sì ní kì í ju ìyá kan tàbí méjì lọ nínú ẹgbẹ̀rún ìyá tó bá bímọ. Ṣùgbọ́n ìyá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí kì í ṣe ìyẹn.

Ìyá tí a ń wí yìí ń wẹ ọmọ. Ó ń fún un lọ́mú, ó ń pọ̀n ọ́n, ó ń ṣe àmín sí àdúrà àwọn tó wá kí i kú ewu ọmọ. Tí wọ́n bá ti lọ tán, á kọjú sí ògiri. Oúnjẹ ò wọlé sí i lẹ́nu. Ọmọ sùn, òun ò rí oorun sùn. Orí rẹ̀ ń gbóná, àyà rẹ̀ ń já, ó ń rò ó lọ́kàn pé ì bá sàn kí ẹlòmíì máa tọ́ ọmọ yìí. Kí là ń pe ìyẹn? "Ó ń ronú jù." "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni." "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Gbólóhùn pọ̀ tí a fi ń yí i ká, àmọ́ kò ní orúkọ kan ṣoṣo bíi ti abísínwín tó gbá gbogbo rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀, òun ló pọ̀ jù. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó kà á.

Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ka wèrè nílẹ̀ Áfíríkà ò tiẹ̀ gbà pé ó wà. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí dókítà kan, J. C. Carothers, kọ. Kenya ló ti ṣiṣẹ́, òun ni ọ̀gá ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Mathari, Nairobi. Ó wá fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣàlàyé ọkàn gbogbo ọmọ Áfíríkà pátá. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí táwọn èèyàn ń pè ní depression lónìí, ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ó ní ọmọ Áfíríkà kì í sábà dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ọ̀rọ̀ ojúṣe kì í dùn ún wọra bíi ti òyìnbó. Ẹ rò ó wò, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá obìnrin Yorùbá tí ọmọ rẹ̀ kò gba ọmú!

Ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà ò ṣòroó rí. Àwọn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ló kà. Ta ni wọ́n sì máa ń gbé wá? Ẹni tó ń ju òkúta lójú títì ni, ẹni tó bọ́ra síhòòhò lọ́jà, ẹni tí ọlọ́pàá mú. Bó ṣe rí ní Nairobi náà ló rí lọ́dọ̀ wa, nílé wèrè tí ìjọba amúnisìn ṣí sí Yábàá ní 1907. Ìyá ìkókó tó kọjú sí ògiri ò da ọjà rú. Kò sẹ́ni tó máa dè é mú wá.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Margaret Field gba ọ̀nà mìíràn. Ó lọ jókòó sí àwọn ojúbọ ní ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà, ó ń gbọ́ ohun tí àwọn tó wá síbẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1960. Ó rí àwọn obìnrin ìgbèríko lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀ tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọ̀ lára, àwọn mìíràn sì ń jẹ́wọ́ fúnra wọn pé àjẹ́ làwọn, pé àwọn làwọn ba tiwọn jẹ́. Ìdára-ẹni-lẹ́bi tí Carothers ní kò sí lára wa rèé o, kò kàn sí nílé ìwòsàn ni. Ojúbọ ló wà.

Níbi tiwa, Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn Aró ní 1954. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Lambo lọ bá àwọn àgbẹ̀ tó wà ní abúlé àyíká, ó bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Àwọn aláìsàn á máa gbé láàárín abúlé, wọ́n á máa wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á padà. Òfin kan wà níbẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ dá dúró lé lórí díẹ̀: aláìsàn kankan ò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni yẹn ló máa gbọ́únjẹ, ló máa fọṣọ, ló máa mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà, ló máa jókòó tì í lálẹ́.

Nínú ilé wèrè ìjọba amúnisìn, ẹnu géètì ni ẹbí ń dé mọ. Lambo ní kí wọ́n wọlé. Gbogbo ayé ìṣègùn ló sọ̀rọ̀ Aró lẹ́yìn náà, Lambo fúnra rẹ̀ sì gòkè títí tó fi di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, àjọ kan náà tó tẹ ìwé Carothers. Àwọn tó ń yìn ín sábà máa ń mẹ́nu ba bó ṣe bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Lójú tiwa, òfin pé kí ẹbí tẹ̀ lé aláìsàn yìí tóbi ju ìyẹn lọ.

Láàárín 1961 sí 1963, Lambo àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n lọ sí ìlú àti abúlé ní agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n ń bá àwọn tí kò wá sí ilé ìwòsàn rárá sọ̀rọ̀. Èyí gan-an ni Carothers ò ṣe. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà lára àwọn Yorùbá dáadáa: àìrísùn, ẹkún, àìlèjẹun, ọkàn tí kò balẹ̀. Àwọn èèyàn mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò kó wọn jọ sábẹ́ orúkọ àìsàn kan.

Àwọn tó ń ṣàìsàn náà ń sọ ọ́ ní tiwọn, àmọ́ ara ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Roger Makanjuọlá, tó padà wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé ní 1987 lórí àìsàn tí àwọn Yorùbá ń pè ní ọdẹ orí. Nǹkan ń rìn nínú orí, etí ń hó, àyà ń já, oorun ò wá. Tí dókítà bá yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà, ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn tó pọ̀ lápọ̀jù ló wà nídìí ẹ̀. Nítorí náà, tí ìyá ìkókó bá ní "orí mi ń gbóná", tí ẹ fún un ní Panadol, tí ẹ ní kó máa lọ, ó ti sọ tẹnu rẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́.

Ohun èlò tí wọ́n wá fi ka irú ìyá bẹ́ẹ̀ rin ìrìn àjò tó jìnnà kó tó dé Ọ̀ṣun. John Cox, dókítà ọpọlọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ ní Makerere ní Uganda ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó ń yẹ àwọn aboyún àti ìyá ìkókó wò ní abúlé tó sún mọ́ Kampala. Àwọn Baganda ní orúkọ fún àìsàn tó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, amakiro ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì gbà pé àgbèrè nígbà oyún ló máa ń fà á. (Abísínwín tiwa ò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn ní obìnrin náà bímọ ni. Ẹ jẹ́ ká fún àwọn baba ńlá wa ní ìyẹn.) Cox rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà ní Yúróòpù. Ó padà sílé, òun àti Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky sì gbé ìwé ìbéèrè kan jáde ní Edinburgh ní 1987. Ìbéèrè mẹ́wàá péré ni. Wọ́n ń béèrè bóyá ìyá ṣì ń rẹ́rìn-ín láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, bóyá ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí, bóyá ẹ̀rù ń bà á, bóyá ó ti rò ó láti pa ara rẹ̀ lára. Ìyá lè dáhùn gbogbo ẹ̀ kí ọmọ tó parí ọmú.

Ohun kan wà nínú ìwé ìbéèrè yẹn tó yẹ kí Yorùbá fura sí. Cox àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ̀rọ̀ ara kúrò. Ìdí wọn dára: gbogbo ìyá ìkókó ló ń rẹ̀, gbogbo wọn ni ara ń ro, tí ẹ bá béèrè ìyẹn, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí ẹni tó kàn bímọ. Ṣùgbọ́n ara ni àwọn ìyá tiwa fi ń sọ̀rọ̀! Orí tó ń gbóná àti nǹkan tó ń rìn lára, kò sáyè wọn nínú ìbéèrè mẹ́wàá yẹn. Ẹni tó bá máa lò ó níbí gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bi obìnrin Yorùbá léèrè ọ̀rọ̀ ọkàn láìjẹ́ pé ó rò pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe wèrè. Iṣẹ́ ògbufọ̀ lásán kọ́ nìyẹn o.

Wọ́n lò ó náà. Ní Iléṣà, Abíọ́dún Adéwùyà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ìyá 876 léèrè ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí wọ́n bímọ, èsì sì jáde ní 2005. Ìpín 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú méje. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàwọn ìyá ìkókó ju ìlọ́po méjì tàwọn yẹn lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ti abísínwín. Èyí tó pariwo ló gba orúkọ, èyí tó dákẹ́ ló gba èrò.

Àwọn ìyá Iléṣà tí ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń bá ni àwọn tí wọ́n ti dá dúró sílé ìwòsàn nígbà oyún, àwọn tí ọmọ wọn kò pé oṣù, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, àwọn tí kò lọ́kọ nílé. Àti àwọn tó bí obìnrin. A ò ní fi èyí ṣe eré. Ọmọ kan náà ni, ìrora kan náà ni, ó wá ku ohun tí ẹbí ọkọ sọ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé obìnrin ni. Kò sí oògùn tí dókítà máa kọ fún ìyẹn.

Iléṣà ní tiẹ̀, ìlú ńlá tó ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ni. Ẹ jẹ́ ká wá gba Òṣogbo kọjá lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn àríwá, sí ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò, níbi tí Masifa wà, láàárín Òṣogbo, Ìwó àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, ilẹ̀ Ògìyán, ọba tí orúkọ oyè rẹ̀ àti òrìṣà ìlú rẹ̀ so mọ́ iyán. Ògbómọ̀ṣọ́ tó múlé tì wọ́n ni George Green, dókítà ìjọ Onítẹ̀bọmi, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ní 1907. Ní Iléṣà, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ọ̀yẹ́ ní 1930 ló bí ìjọ CAC, àwọn ilé àgbẹ̀bí ìjọ náà sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ìyẹn ni pé tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìbímọ, agbègbè yìí ò ṣaláìní ibi tí obìnrin máa gbà lọ. Wọ́n ń wọn ìbà, wọ́n ń wo ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Ọkàn ìyá ni wọn kì í sábà béèrè.

Ohun tó mú Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ yàtọ̀ sí ibòmíì, gbogbo ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n: Abidjan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn èèyàn Èjìgbò ti ń ṣòwò lọ sí Côte d'Ivoire. Wọ́n lọ, wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò, títí tí Treichville fi dà bí àdúgbò kan ní Èjìgbò. Anago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Nílé, ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá ọlọ́jà, ẹ ó rí owó sẹ́fà ní pàṣípààrọ̀, mọ́tò á gbéra ní Èjìgbò, ó di Abidjan. Àwọn obìnrin ò jókòó sílé de ọkọ o, oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún obìnrin tó fẹ́ bímọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyá ìkókó kì í dá wà. Ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ á dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ìyá àgbà yìí ló máa gbé omi gbígbóná kaná, tó máa fi aṣọ tó gbóná tẹ inú fún un, tó máa se àgbo, tó máa wẹ ọmọ, tó máa nà án, tó máa fi òróró pa á. Ó máa gbé àmàlà gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ta síwájú ìyá ọmọ, ó sì máa dúró tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Lóru tí ọmọ bá ń ké, òun ló máa sọ pé, "Gbé e fún mi, ìwọ lọ sùn." Kò sẹ́ni tó pe gbogbo èyí ní ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ fi wé òfin Lambo ní Aró, ẹ ó rí i pé nǹkan kan náà ni: ẹbí kan tó wá, tó gbọ́únjẹ, tó fọṣọ, tó sùn tì í.

Láti Èjìgbò sí Abidjan, ibodè mẹ́rin ni mọ́tò gbọ́dọ̀ là kọjá: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao, kó tó wá di Elubo. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lè má lè lọ. Ẹni tó lè lọ ní ọjà tàbí oko tó fi sílẹ̀. Obìnrin tó bímọ sí Abidjan lè ní aládùúgbò, ó lè ní ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò tó máa wá síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí wọ́n máa jó, tí wọ́n máa nọ́wó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, oníkálukú á gba ọjà rẹ̀ lọ. Èyí tó dúró sí Masifa náà ní ìdánìkanwà tiẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé orí fóònù ni ọkọ wà. Nígbà tí àwọn òbí wa ṣì wà léwe, lẹ́tà ni, tó máa ń gba ọwọ́ awakọ̀ wá, pẹ̀lú owó nínú rẹ̀.

Ìtàn tún ti dà wọ́n padà sílé tipátipá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì padà wálé láti ìlú tí wọ́n bí wọn sí. Ogun bẹ́ ní Côte d'Ivoire ní oṣù kẹsàn-án 2002. Ìjà lẹ́yìn ìdìbò tún dé ní òpin 2010, kò sì rọlẹ̀ títí di oṣù kẹrin 2011, mọ́tò ń já àwọn èèyàn sí Èjìgbò. Nínú irú ìsáré bẹ́ẹ̀, aboyún á wà níbẹ̀, ìyá ìkókó á wà níbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bí sí Treichville, tó gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ, á wá bá ara rẹ̀ nínú agboolé ọkọ tí kò tíì gbé rí, ọmọ lẹ́yìn, ọjà ti jóná. Ẹnu ló máa fi kí gbogbo ilé lówùúrọ̀. Wọ́n á ní ìyàwó yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó níwà tútù.

Ká má sì fi ìyá àgbà ṣe áńgẹ́lì. Ìyá ọkọ kan wà tó jẹ́ pé wíwá rẹ̀ ni àìsàn. Ó ní ọmú ìyàwó ò dáa, ó ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un fi hàn pé ọ̀lẹ ni, ó ní obìnrin kẹta rèé tó bí. Ẹni tó jókòó ti ìyá ìkókó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nígbà tó jókòó ṣe pàtàkì bákan náà.

Àwọn kan ti dán ìyẹn wò, tí wọ́n sì fi òǹkà tì í lẹ́yìn. Ní ìgbèríko Rawalpindi ní Pakistan, Atif Rahman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, àwọn tí wọn kì í ṣe dókítà, tí wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì pàápàá, bí wọ́n ṣe máa bá ìyá tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀, láti ìgbà oyún. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ wèrè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń wọlé, kí ìyá ọkọ má baà lé wọn jáde. Èsì wọn jáde ní 2008: nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ìpín 23 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá tí wọ́n bẹ̀ wò báyìí ló ṣì wà nínú ìrẹ̀wẹ̀sì, àwọn yòókù jẹ́ 53. Ìbẹ̀wò àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló fa ìyàtọ̀ yẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ní Ìbàdàn gbé irú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní Ìbàdàn ni wọ́n kọ́ láti mọ ìrẹ̀wẹ̀sì lára aboyún àti ìyá ìkókó, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ní ibi kan, wọ́n fún àwọn ìyá ní ìtọ́jú tó jinlẹ̀ gan-an; níbòmíì, èyí tó rọrùn, tó wà nínú ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Èsì tó jáde ní 2019 ya àwọn kan lẹ́nu: ìtọ́jú tó jinlẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó rọrùn lọ. Púpọ̀ àwọn ìyá gbádùn lọ́nà méjèèjì. Àwọn kan á ní ìwádìí náà ò yege. A ò gbà. Ohun tó sọ ni pé nọ́ọ̀sì àdúgbò tí wọ́n kọ́ díẹ̀, tó fara balẹ̀ gbọ́ ìyá, tó sì pè é padà wá, lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún Masifa, tí dókítà ọpọlọ ò sí nítòsí.

Ọ̀ṣun gan-an ò ṣàjèjì sí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn. Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e wá síbí ṣáájú, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2015: ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ, ilé ìlera 68, òṣìṣẹ́ 198 tí wọ́n kọ́ láti máa mọ àìsàn ọpọlọ àti ìrẹ̀wẹ̀sì kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀. Ọ̀ṣun ní ìjọba ìbílẹ̀ ọgbọ̀n.

Òfin ìlú ní tirẹ̀ pẹ́ kó tó jí. Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ní Nàìjíríà jẹ́ ti 1958, ogún àwọn amúnisìn, orúkọ rẹ̀ pàápàá ń pe aláìsàn ní wèrè. Oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí òfin ti mọ̀ pé ìbímọ lè da ọkàn obìnrin rú. Ó wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn, abala 327A: tí ìyá bá ṣe ohun tó pa ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún kan, nígbà tí ara rẹ̀ ò tíì padà bọ̀ sípò látàrí ìbímọ tí ọkàn rẹ̀ sì dàrú, wọn ò ní ka ẹjọ́ rẹ̀ sí ìpànìyàn gidi, wọ́n á dín in kù. Ẹ tún un kà. Ilé ẹjọ́ ti ní àyè fún ọkàn ìyá ìkókó ṣáájú ilé ìlera. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ kú kó tó kàn án.

Nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àsìkò abẹ́rẹ́ àjẹsára tó. Ìyá tí a ń wí yìí á wá. Bó ṣe wù kí orí rẹ̀ gbóná tó, á pọ̀n ọ́n wá, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí náà ni wọ́n bi àwọn ìyá 876 ti Iléṣà léèrè. Wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á kọrin tí nọ́ọ̀sì dá, wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì. Ọmọ á gba abẹ́rẹ́, á ké, ìyá á gbé e mọ́ra. Àyè ìṣẹ́jú méjì wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹni tó kàn, ó tó fún nọ́ọ̀sì láti gbójú kúrò lára káàdì kó sì béèrè pé, "Ìyá ọmọ, ọmọ yín ti ń tóbi o. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé nǹkan ṣì ń dùn mọ́ yín?" kó sì dákẹ́ de ìdáhùn.